Jig ni kí n rà tàbí sáíkílóònù, láti fi yọ òkúta kúrò lára èédú ilẹ̀?

Ọmọ_Kàbà

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ kùsà ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Èmi àti ẹnìkejì mi la jọ ń kó èédú ilẹ̀ láti apá Ankpa ní Kogi lọ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ògùn tó ń fi í dáná. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá mótò wa padà, wọ́n á ní eérú ẹ̀ ti pọ̀ jù, òkúta wà nínú ẹ̀, bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á wọ́n á gé owó ẹ̀ débi pé owó dísù nìkan ló máa ń kù sí wa lọ́wọ́, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta dísù báyìí.

Ẹnì kan tó máa ń kó ẹ̀rọ wọlé láti Ṣáínà ní òun lè bá wa mú ẹ̀rọ tó ń fi omi fọ èédú wá, jig ni wọ́n ń pè é, ó ní tá a bá ti gbé e kalẹ̀ ká kàn máa da èédú sí i, èédú á gba ibì kan jáde òkúta á gba ibòmíì. Ẹlòmíì ní jig ti di ti àtijọ́, pé sáíkílóònù ni kí n lọ rà, èyí tí wọ́n ń lo nǹkan kan bí ìyẹ̀fun irin pẹ̀lú ẹ̀. Ẹnì kẹta wá ní tí mo bá fọ èédú, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ máa lọ tí mi ò ní rí i mọ́. Orí mi ti dàrú pátápátá.

Odò kékeré kan wà nítòsí ibẹ̀ tá a rò pé a lè máa fa omi ẹ̀, ibẹ̀ náà la fẹ́ máa da omi ìdọ̀tí padà sí. Èwo ni kí n rà nínú méjèèjì? Owó wa ò pọ̀ o, ẹ má ní kí n lọ yáwó ní báńkì.

Àlàó_Witbank

Àbúrò, má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìfọ-èédú ni mo ti ń jẹun níbí, ní Witbank ní South Africa, àtìgbà tí mo sì ti wà ńbẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ kó tó mọ èédú ẹ̀ tó jèrè. Èédú ẹ gan-an ló máa sọ ẹ̀rọ tó o máa rà.

Gbogbo ẹ̀ dá lórí ìwúwo. Tá a bá ní omi jẹ́ 1, èédú tó mọ́ máa wà ní bíi 1.3 sí 1.4, ṣéélì, ìyẹn òkúta pẹlẹbẹ dúdú tó ń díbọ́n bí èédú yẹn, máa wà ní 2.2 lọ sókè, páíráìtì tó ń dán bíi góòlù máa tó 5. Jig ò ṣe jù pé ó ń ti omi sókè sódò látìsàlẹ̀, tí èyí tó fúyẹ́ á gòkè, tí èyí tó wúwo á jókòó sílẹ̀. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Baum ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi atẹ́gùn ti omi yẹn ní 1892, wọ́n ṣì ń lo irú ẹ̀ títí dòní, torí náà ẹni tó ní ó ti di ti àtijọ́ ò purọ́ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò wúlò fún ẹ. Jig ò wọ́n, kò sì le láti lò. Ibi tó ti máa ń dójú tini ni ibi tí èédú àti òkúta bá ti wọnú ara wọn, tó o máa rí ègé kan tí ìdajì ẹ̀ jẹ́ èédú tí ìdajì ẹ̀ jẹ́ ṣéélì, tí ìwúwo ẹ̀ wà ní 1.5 tàbí 1.6. Jig ò mọ ibi tó máa ju ìyẹn sí. Irú ẹ̀ ló kún Witbank níbí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ sáíkílóònù là ń lò.

Ìyẹ̀fun irin tí wọ́n sọ fún ẹ yẹn, mágínẹ́táìtì ni. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi títí ìwúwo omi yẹn á fi di 1.5 tàbí iye tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á wá da èédú sí i, èyí tó bá fúyẹ́ jù ú lọ á léfòó, èyí tó bá wúwo jù ú lọ á rì. Ṣé o ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń po amọ̀ mọ́ omi kí wọ́n tó da èkùrọ́ tí wọ́n pa sí i, tí ọmọ ẹ̀ á léfòó, tí èèpo á lọ sísàlẹ̀? Iṣẹ́ kan náà gan-an ni, àwa kàn fi páńpù gbá a wọnú kọ́ọ̀nù irin kó máa yí bírí bírí kó lè tètè pín. Àwọn ará Netherlands ló gbé sáíkílóònù yẹn jáde níléeṣẹ́ èédú ìjọba wọn ní Limburg, erùpẹ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń pò mọ́ omi, ẹ ò rí i pé àwọn ìyá wa ò kéré.

Wàhálà ẹ̀ ni owó. Mágínẹ́táìtì yẹn, o gbọ́dọ̀ gbà á padà, o máa nílò asẹ́ tí wọ́n á ti fi omi ṣan èédú, o máa nílò ìlù onímágínẹ́ẹ̀tì tó máa fà á jáde nínú omi. Ibi tí wọ́n bá ti mọṣẹ́, wọn kì í pàdánù ju bíi kílò kan lórí tọ́ọ̀nù èédú kan. Tí tìẹ bá ń lọ kílò márùn-ún, ṣe lò ń ta èédú láti fi ra mágínẹ́táìtì. Ó tún máa ń jẹ páńpù àti páìpù níjẹkújẹ, iná tó ń gbé páńpù yẹn náà ò kéré, jẹnẹrétọ̀ lẹ sì máa lò lọ́hùn-ún.

Ẹni tó ní ìdá kan nínú mẹ́rin máa lọ, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tó o bá da tọ́ọ̀nù 100 sínú ẹ̀rọ, tí eérú ẹ̀ jẹ́ 28 nínú ọgọ́rùn-ún, tó o wá rí tọ́ọ̀nù 75 gbà tí eérú ẹ̀ jẹ́ 12, eérú tó wà nínú èyí tó o gbà jẹ́ tọ́ọ̀nù 9, eérú tọ́ọ̀nù 19 ló bá tọ́ọ̀nù 25 yòókù lọ. 76 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn! Òkúta lò ń fi dísù gbé láti Kogi dé Ògùn látọjọ́ yìí, jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá yẹ èyí tí ẹ̀rọ ń dà nù wò, tí eérú ẹ̀ ò ju 40 lọ, èédú ẹ lò ń kó dà síbẹ̀.

Dúdúyẹmí

Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ ẹ ti tún fẹ́ fi gìrámà pa ọmọ ọlọ́mọ 😂 Ṣé kò lè háyà àwọn ará abúlé yẹn ni, kó fi bẹ́líìtì gbé èédú kọjá níwájú wọn kí wọ́n máa ṣa òkúta? Èédú máa ń dán, ṣéélì kì í dán, ojú lásán rí i, wọ́n á rówó jẹun, òun náà á sinmi ọ̀rọ̀ Ṣáínà.

Àlàó_Witbank

@Dúdúyẹmí kò burú fún èyí tó tóbi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń kó jókòó sórí ẹ̀ ní Pennsylvania, Lewis Hine ya fọ́tò wọn ní 1911, ẹ lọ wò ó, eruku ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú wọn. Èyí tó bá ti kéré ju ẹyin adìyẹ lọ, kò sẹ́ni tó máa ṣa ìyẹn tán, ibẹ̀ sì ni eérú tí wọ́n torí ẹ̀ ń dá a padà máa ń wà. Tó bá máa ṣe é, àgbà ni kó lò, kó ra ìbòmú gidi fún wọn, èyí tó ń sẹ́ eruku o.

Ọmọ_Kàbà

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n Àlàó, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ibẹ̀ ṣe rí, bóyá ó máa là yín lójú sí i. Èédú ọ̀hún fúnra ẹ̀ dáa, tẹ́ ẹ bá já èyí tó mọ́ ní tààrà ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ìlà ṣéélì kan là á láàárín gbọọrọ, kò nípọn ju ìbú ọwọ́ lọ, nígbà tí ìsàlẹ̀ èédú jẹ́ amọ̀ rírọ̀. Ẹni tó ń wa katapílà níbẹ̀, iye ìgbà tó bá bu èédú sọ́kọ̀ la fi ń sanwó fún un, torí náà kò ní sùúrù kankan, ńṣe ló máa ki ọwọ́ ẹ̀ bọ ibẹ̀ tó máa kó èédú, ṣéélì àti amọ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí òjò bá wá rọ̀, amọ̀ yẹn á lẹ̀ mọ́ èédú lára pátápátá.

Olùkọ́_Kùsà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, àfìgbà tí mo rí ọ̀rọ̀ amọ̀.

Ọmọ mi, inú kòtò ni eérú ẹ ti ń wọlé. Bó o ṣe ń sanwó fún oníkatapílà yẹn ló ń ba èédú ẹ jẹ́. Sanwó fún un lórí èyí tí wọ́n bá gbà ní Ògùn, kó o wá wò ó bóyá kò ní ní sùúrù. Kó kọ́kọ́ gé èédú òkè, kó ha ìlà ṣéélì yẹn kúrò lọ́tọ̀, kó tó wá gé ti ìsàlẹ̀, kó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí amọ̀ má fọwọ́ kàn án. O máa pàdánù èédú díẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn, má banú jẹ́, kò tó nǹkan tí wọ́n ń gé lówó ẹ.

Èkejì, amọ̀ ò bá ẹ̀rọ ìfọ-èédú olómi ṣọ̀rẹ́. Tó o bá da èyí tí amọ̀ lẹ̀ mọ́ sínú jig tàbí sáíkílóònù, amọ̀ á tú sínú omi, omi á ki bí ẹ̀kọ, èédú kéékèèké á bá a lọ. Èédú apá ibẹ̀ yẹn, Okaba, Ankpa, inú ìpele ilẹ̀ kan náà tí ti Enugu wà ni wọ́n ti ń wà á, Mamu Formation, àmọ́ tiyín lọ́hùn-ún máa ń fa omi sára tẹ́lẹ̀. O tún wá fi omi fọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti kéré ju ìdajì mìlímítà lọ lè gbé omi 20 nínú ọgọ́rùn-ún dání, oníbàárà ẹ á sì bá ẹ gé owó nítorí omi, bó ṣe ń gé e nítorí eérú. Ẹ ò tíì kúrò lójú kan náà.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀rọ tí mo máa kọ́kọ́ wò ni Bradford breaker. Ìlù irin ńlá kan ni, ihò ló wà lára ẹ̀ káàkiri, ó ń yí, èédú á máa já lulẹ̀ nínú ẹ̀ títí á fi fọ́, á bá ihò jáde, ṣéélì tó le tí kò fọ́ á yí dé ìpẹ̀kun á jáde síta lọ́tọ̀. Kò sí omi, kò sí mágínẹ́táìtì. Hezekiah Bradford ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1893. Wẹ́dà tó bá mọ iṣẹ́ lè bá ẹ ṣe kékeré kan. Àmọ́ tí ṣéélì ẹ bá rọ̀ tó ń fọ́ bí èédú, kò ní ṣiṣẹ́, ìyẹn ló fi yẹ kó o ju díẹ̀ lulẹ̀ látòkè kó o wo èyí tó fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, tábìlì alátẹ́gùn táwọn ará Ṣáínà ń ṣe, FGX, atẹ́gùn àti gbígbọ̀n nìkan ló ń lò.

Ọ̀rọ̀ odò yẹn ló bí mi nínú jù. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi ìfọ-èédú sódò! Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ń mu ún. Òfin kùsà 2007 wà ńlẹ̀ tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ohun tí iṣẹ́ máa ṣe sí àyíká wò. Ìdọ̀tí èédú ni wọ́n fi ṣe ìdídò tí wọ́n fi dá omi ìfọ-èédú dúró ní Buffalo Creek, ní West Virginia, ọjọ́ 26 oṣù February 1972 ló ya, èèyàn 125 ló kú, òjò ló sì mú kó ya. Ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, January 2014, kẹ́míkà kan tí wọ́n fi ń fọ èédú kéékèèké jò látinú táńkì wọ odò Elk, nǹkan bí 300,000 èèyàn ni kò lè mu omi ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá máa fi omi ṣe é, ẹ gbẹ́ adágún tí ìdọ̀tí á ti rọ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa fa omi ẹ̀ padà lò.

Àlàó_Witbank

Màámi, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ò ní àbùkù, àfi ti tábìlì alátẹ́gùn yẹn ni mi ò fara mọ́ dáadáa. Òjò ló dá wàhálà ẹ̀ sílẹ̀, ó sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Tí omi ara èédú bá ti kọjá bíi 7, 8 nínú ọgọ́rùn-ún, á máa lẹ̀ mọ́ra ni, atẹ́gùn ò ní rí nǹkan kan pín. Láti April dé October ẹ̀rọ yẹn máa wà níbẹ̀ bí ère.

Olùkọ́_Kùsà

Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa lò ó, kó tọ́jú èédú sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì dé ìgbà òjò. Kó má kó o jọ ga jù, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí èédú irú yẹn máa ń gbaná fúnra ẹ̀. Ti Láfíà-Obí ní Nasarawa tí eérú ẹ̀ wọ inú èédú gan-an, ìyẹn ni mo lè gbà fún ẹ pé láìsí omi kò ṣe é ṣe.

Ọmọ_Kàbà

Màámi ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé. Mo ti pe ẹlẹ́rọ yẹn pé kó dúró ná, inú ẹ̀ ò dùn. Mo máa bá oníkatapílà sọ̀rọ̀ lọ́la. Àyẹ̀wò wo gan-an ni mo lè ṣe fúnra mi kí n fi mọ̀ bóyá jig tó, ṣé dandan ni kí n lọ sí lọ́ọ̀bù?

Àlàó_Witbank

Ti eérú, lọ́ọ̀bù ló máa bá ẹ ṣe é. Ti pé kí nǹkan léfòó kó rì, o lè ṣe é nínú ike. Bu èédú kílò 200 sí 300 láti oríṣiríṣi ibi nínú òkìtì, má ṣa èyí tó dáa nìkan. Sẹ́ èyí tó kéré kúrò. Ra zinc chloride lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, pò ó mọ́ omi sínú ike mẹ́rin títí ìwúwo wọn á fi di 1.4, 1.5, 1.6, 1.8, kó o fi háídírómítà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo omi, wọ̀n ọ́n. Da èédú sí 1.4, bu èyí tó léfòó sọ́tọ̀, kó èyí tó rì lọ sí 1.5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tètè yọ ọ́ kó o ṣan án, torí irú èédú tìẹ yẹn á mu zinc yẹn sára, ìwúwo ẹ̀ á wá yí padà. Wọn ìpín kọ̀ọ̀kan, kó o kó wọn lọ fún lọ́ọ̀bù. Tí èyí tó wà láàárín 1.5 sí 1.8 bá kéré, jig á tó ẹ.

Ike ni kó o lò o, má lo páànù tàbí alumíníọ́ọ̀mù, á jẹ ẹ́. Wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, bojú ẹ, má sì jẹ́ kí ọmọdé kankan sún mọ́ ibẹ̀.