Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mẹ́ta, dráfítì AFL (líìgì bọ́ọ̀lù Australia, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá) ti ń bọ̀, èwo ni kí n gbé síwájú?

Ọmọ_Fúútì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n kọ ìròyìn lórí ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú Talent League, líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Victoria, kí dráfítì oṣù kọkànlá tó dé, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Èyí àkọ́kọ́ ga ní sẹ̀ǹtímítà 177, àárín pápá ló ń gbá, bọ́ọ̀lù sì máa ń kàn án lọ́wọ́ tó ìgbà 30 nínú ìdíje kan. Èkejì ga ní 202, ruck ni, ẹni tó ń fò gbá bọ́ọ̀lù tí rẹfirí bá jù ú sókè. Ẹ̀kẹta sá mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá 2.85, aago ọwọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kí ni kí n máa wò?

Pápá_Roboto: Àbúrò, ìwọ̀n aago ọwọ́ yẹn ni kí o kọ́kọ́ pa tì. Tí ọmọ bá gbéra, ojú ní láti rí i kí àtàǹpàkò tó tẹ aago, ìgbà yẹn ó ti sáré díẹ̀. Níbi ìparí ńkọ́? Ẹni tó di aago mú ti ń rí i bọ̀ látòkèèrè, kò ní pẹ́ rárá. Bí 0.2 ṣe ń sọ nù nìyẹn. 2.85 rẹ lè jẹ́ 3.05 lórí ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń lò ní Draft Combine, ìdánwò ara tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ kí dráfítì tó dé, 3.05 kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo. Ẹni tó bá wọ abẹ́ 2.9 níbẹ̀ ni asáré. Tún béèrè iye tó fi sá mítà 5 àkọ́kọ́, torí níbi tí èrò ti kún, ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ń yọ èèyàn. Ti ará àárín pápá, kìlómítà 2 ni kí o wò: tó bá parí rẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú 6, èémí rẹ̀ dára.

Sisi_Sherrin: Ìgbà 30 yẹn náà ń tan èèyàn jẹ. Tó bá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún ẹni tó dá dúró ní mítà 3, wọ́n á kà á sí pé ó dé. Tó bá gbá a kọjá mítà 40 sáàárín èèyàn méjì tó ń jìjàdù rẹ̀, wọ́n á tún kà á sí pé ó dé. Mú ìwé, kí o kà á fúnra rẹ: mélòó ló lọ síwájú, mélòó ló gbá nígbà tí ọ̀tá wà lọ́rùn rẹ̀, mélòó ló fi ẹsẹ̀ òsì gbá.

Lẹ́yìn náà, lọ dúró sẹ́yìn òpó gọ́ọ̀lù, kí o má wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ni kí o wò. Ọwọ́ kan ló yẹ kó sin bọ́ọ̀lù náà sísàlẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ ẹsẹ̀, kí bọ́ọ̀lù sì wà lóòró. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ láti àyà, afẹ́fẹ́ á ti yí i kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Kò ní yí sẹ́yìn dáadáa, á máa gbọ̀n lójú ọ̀run ni. Ìdá kẹrin ìdíje, èyí tó kẹ́yìn, ni kí o wò ó jù, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń tètè tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Ọmọ_Fúútì: Ẹ ṣé, Àǹtí. Ṣé 177 ò ti kúrú jù?

Sisi_Sherrin: Lachie Neale, agbábọ́ọ̀lù AFL, ò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà 58 ni wọ́n mú un ní 2011, ó sì ti gba Brownlow, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ lọ́dún, lẹ́ẹ̀mejì, 2020 àti 2023. Àmọ́ ẹni kúkúrú gbọ́dọ̀ lè fa bọ́ọ̀lù yọ láàárín èrò fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìta ló ń dúró sí kí wọ́n máa gbé e wá bá òun, ìyẹn ò tó.

Ẹ̀gbọ́n_Ruck: Ẹ má jẹ́ kó fojú kékeré wo èkejì o. Ruck kì í tètè gbó. Nọ́ńbà 34 ni ẹgbẹ́ Melbourne mú Max Gawn, tí òun náà jẹ́ ruck, ní 2009. 2016 ló kọ́kọ́ wọ All-Australian, ẹgbẹ́ àwọn tó gbá dáa jù lọ́dún. Béèrè bó ṣe ga tó lọ́dún tó kọjá. Tó bá fi sẹ̀ǹtímítà 6 ga láàárín ọdún kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì mọ gígùn ara rẹ̀, tó bá sì ń kọsẹ̀, ìyẹn lè lọ. Béèrè oṣù tí wọ́n bí i pẹ̀lú: ẹni tó bá máa pé 18 kí oṣù kejìlá tó parí ni wọ́n ń mú, nítorí náà ọmọ oṣù kìíní lè fi oṣù mọ́kànlá ju ọmọ oṣù kejìlá lọ. Lórí pápá, wo ibi tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí tó bá fò: ṣé síwájú ẹni tó ń sáré bọ̀ ni, àbí ó kàn ń gbá a wálẹ̀? Tó bá balẹ̀, ṣé ó ń lépa bọ́ọ̀lù, àbí ó ń dúró wòran?

Sisi_Sherrin: Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni gíga tí kò lè hán bọ́ọ̀lù lókè orí, sùúrù nìkan ò ní kọ́ ọ.

Pápá_Roboto: Ohun kan kù. Béèrè bóyá bàbá ìkankan nínú wọn ti gbá ìdíje 100 fún ẹgbẹ́ AFL kan. Ẹgbẹ́ yẹn lè gbà á tí ẹgbẹ́ mìíràn bá dárúkọ rẹ̀ nínú dráfítì, bí ẹgbẹ́ Collingwood ṣe gba Nick Daicos ní nọ́ńbà 4 ní 2021. Ya irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìròyìn. Ní tèmi, 177 ni kí o fi síwájú tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bá dáa, ruck á tẹ̀ lé e. Asáré yẹn, ó di ìgbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n.

Ọmọ_Fúútì: Mo dúpẹ́ gan-an. Wọ́n ní òjò máa rọ̀ ní Sátidé. Ẹ̀yìn òpó ni màá dúró sí.

Sisi_Sherrin: Ó dáa. Bọ́ọ̀lù tútù ló máa ń fi ọwọ́ burúkú hàn. Mú ọ̀rá dání kí ìwé rẹ má baà rẹ.