Èjìká tó ń dún: ṣé kí n ṣe iṣẹ́ abẹ ni, àbí kí n ṣì máa fara dà á?

Tíṣà Àná:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín tipẹ́ láìdá sí i, ṣùgbọ́n ó ti kàn mí wàyí. Ọmọ ọdún 66 ni mí. Èjìká ọ̀tún ni, ọwọ́ tí mo fi kọ̀wé sójú pátákó fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Bí mo bá gbé apá sókè, á máa dún bí ẹni ń lọ iyanrìn. Nígbà tó yá, mi ò lè ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò mọ́. Ní báyìí, òru ló ń fojú mi rí màbo. Bí mo bá ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ báyìí, oorun parí nìyẹn.

Dókítà fi bírò tọ́ka sí àwòrán X-ray fún mi. Ó ní ó yẹ kí àlàfo wà láàárín orí eegun apá àti àwo tó jókòó sí. Tèmi ti tán, eegun ń gbo eegun. Ó ní iṣẹ́ abẹ wà, pé wọ́n á gé èyí tó ti jẹ dànù, wọ́n á fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀. Mo bi í pé ṣé dandan ni. Ó ní rárá, èmi ni n ó sọ ìgbà. Ìdáhùn yẹn gan-an ló dà mí láàmú! Ká ní ó pàṣẹ ni, ǹ bá ti mọ èyí tí màá ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti tó àkókò?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Èmi ti ṣe tèmi, ti òsì, ó di ọdún 4 báyìí. Kọ́mú ló jẹ́ kí n gbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi so ó láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan tí kò sí nílé, mi ò lè jáde. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún bí ọmọdé. Ọjọ́ yẹn ni mo pe dókítà.

Kì í ṣe pé mo sáré lọ o. Mo ti ṣe physiotherapy, mo ti lo oògùn ìrora ibuprofen títí ikùn fi ń ta mí, mo sì ti gba abẹ́rẹ́ steroid, èyí tó ń dín wíwú àti ìrora kù, sínú oríkèé lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ fún mi ní ìsinmi oṣù 4, ìkejì ọ̀sẹ̀ 6, ìkẹta ò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ la èjìká náà kí oṣù 3 tó kọjá lórí abẹ́rẹ́, kí kòkòrò má baà ríbi wọlé.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, oorun ni mo sùn. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kan nítòsí ọrùn tó pa apá náà kú tipiri di ọjọ́ kejì, àfi bíi pé apá ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ mi lára. Ẹ lo oògùn ìrora kí abẹ́rẹ́ yẹn tó dá. Èmi dúró, mo sì jẹ ìyà rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ 5 ni mo fi gbé apá kọ́ ọrùn, orí àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì ni mo ń sùn, pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ ìgúnpá. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹn ti ara mi dìde, torí iṣan iwájú èjìká tí wọ́n gé tí wọ́n tún so padà lè já. Ẹ ò mọ iye ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lójúmọ́ àfi ìgbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má ṣe é.

Ó tó oṣù 6 kí n tó lè yarun mi dáadáa. Apá mi ò ga tó tàtijọ́. Ṣùgbọ́n ìrora inú egungun yẹn, tó ń jí mi lóru, ti lọ láti oṣù kejì.

Mẹkáníìkì:
Tíṣà, ọmọ ọdún 48 ni èmi, mo sì ti sọ pé kò tíì yá. Dókítà ní nínú irú èjìká àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ 10, bíi 9 ló ń kọjá ọdún 10. Ó dára fún yín sà. Èmi ṣì fẹ́ lo apá yìí fún ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì sì máa ń le ju àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n tún ní mi ò ní lè máa fi òòlù lu nǹkan tàbí gbé ẹrù wúwo mọ́. Kí ni mo wá fẹ́ jẹ?

Ni mo bá yí iṣẹ́ padà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe gbogbo èyí tó bá wà lókè orí, èmi ń ṣe ti ìsàlẹ̀. Omi gbígbóná láàárọ̀, kí n fa okùn rọ́bà díẹ̀díẹ̀. Kò wò mí sàn, ó kàn ń jẹ́ kí n rí ọjọ́ lò ni. Ṣùgbọ́n dídúró náà ní gbèsè tirẹ̀: bí àwo eegun yẹn bá jẹ jù, ibi tí wọ́n máa kan tuntun mọ́ á di wàhálà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ ya àwòrán lóòrèkóòrè.

Bàbá Àgbà:
Tíṣà, àbúrò mi, ẹ bi wọ́n léèrè irú èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe. Oríṣi méjì ni. Tèmi, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iṣan inú ara, fi hàn pé iṣan tó di oríkèé mú ti ya, nítorí náà wọ́n dojú ẹ̀ dé. Wọ́n kan bọ́ọ̀lù mọ́ ibi tí àwo wà, wọ́n gbé àwo sórí apá. Iṣan ńlá tó bo èjìká lóde ló wá ń gbé apá sókè. Dókítà ará Faransé kan, Paul Grammont, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1985. (Mo fẹ́ràn kí n máa wádìí. Dókítà kan tó ń jẹ́ Péan ti gbìyànjú èjìká irin platinum àti rọ́bà ní Paris lọ́dún 1893, wọ́n sì padà yọ ọ́.)

Mo ń gbé apá dé fìlà mi báyìí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọwọ́ yẹn lè má dé ẹ̀yìn dáadáa mọ́. Mò ń sọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o. Ẹ fi ọwọ́ kejì kọ́ ọ kẹ́ ẹ tó lọ.

Ìyàwó Rẹ̀:
Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ eléyìí náà. Ọkọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ṣúgà wálẹ̀ kó tó ṣe é, kò ní sùúrù, ó wá ibòmíràn tí wọ́n gbà fún un. Ojú ọgbẹ́ jinná dáadáa. Ní oṣù 8 ni ìrora ń padà wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí ibà, kò wú. Kòkòrò kan tó máa ń gbé lára awọ èjìká ló ti wọ inú irin náà. Ọ̀lẹ ni kòkòrò ọ̀hún, ọjọ́ 14 ni wọ́n fi tọ́jú àyẹ̀wò kó tó hàn. Wọ́n yọ irin, wọ́n fi ohun tí wọ́n po oògùn mọ́ dí àyè rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kí wọ́n tó fi tuntun síbẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń wọṣọ fún un. Bí ẹ bá bi í, á ní òun á tún ṣe é. Èmi ò lè dá a lóhùn lórí ìyẹn.

Tíṣà Àná:
Ẹ ṣeun gan-an, pàápàá ìyá tó sọ ti ọkọ wọn. MRI ni màá kọ́kọ́ béèrè fún. Mo sì ti gbé ìwé sétí bẹ́ẹ̀dì, mò ń kọ iye ìgbà tí èjìká ń jí mi. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Bàbá Àgbà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ òsì kọ́ ohun tẹ́ ẹ wí. Ọmọ ọdún 66, tíṣà, mo tún wọ kíláàsì ìkínní.