Ohun tí ojú mi rí ní Louisville, ìlú eré ẹṣin

Bí ẹ ṣe ń sọ ti ìlú òkèèrè tí ẹ ti gbé, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti wa takisí fún ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ tí mo gúnlẹ̀ ni wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pe ìlú náà ní "Lúísífíìlì", ọ̀rẹ́ tó wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Àṣé "Lúáfù" ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè é, bí ẹni tí òkèlè há sí lẹ́nu. Orúkọ Louis Kẹrìndínlógún, ọba Faransé, sì ni o!

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń sá Kentucky Derby, ìdíje eré ẹṣin wọn, ní pápá Churchill Downs. Eré bí ìṣẹ́jú méjì péré, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni ìlú á ti máa gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ gèlè òwàm̀bẹ̀, ẹ ò tíì rí akẹtẹ̀ àwọn obìnrin Derby. Ọ̀kan wọ ọkọ̀ mi, akẹtẹ̀ ò gba ẹnu ilẹ̀kùn. Ó gbé e lé itan bí ọmọ títí a fi dé.

Ní Derby kejì tó ṣojú mi, mo gbé bàbá aláwọ̀ dúdú kan. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹṣin lẹ ń lọ wò?" Ó ní rárá, itẹ́ òkú Cave Hill ni kí n gbé òun lọ, òun fẹ́ kí Muhammad Ali, ọmọ ìlú wọn. Ló bá ní, "Ṣé o mọ̀ pé àwa aláwọ̀ dúdú la kọ́kọ́ ń gun àwọn ẹṣin yẹn?" Mo rò pé ó ń dápàárá ni. Mo délé, mo wá a lórí fóònù: òótọ́ pọ́ńbélé. Ní 1875 tí wọ́n kọ́kọ́ sá a, agẹṣin 15 ló wà níbẹ̀, 13 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Oliver Lewis ló gun Aristides tó gbapò kìíní. Ansel Williamson tó kọ́ ẹṣin náà, inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Isaac Murphy gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Jimmy Winkfield gbà á ní 1901 àti 1902, látìgbà náà, agẹṣin aláwọ̀ dúdú kan ò gbà á mọ́. Owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn agẹṣin aláwọ̀ funfun ń fún wọn mọ́ ọgbà lórí eré, àwọn olówó ẹṣin ò sì gbéṣẹ́ fún wọn mọ́. Winkfield kó lọ sí Rọ́ṣíà, ibẹ̀ ló ti di gbajúmọ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n onítakisí, ẹ ṣé é o fún ìtàn Louisville yìí. Èmi tí mo tiẹ̀ dé pápá yẹn, mi ò gbọ́ èyí rí. Ní 2018 ni, ọdún tí òjò pa Derby ju gbogbo ọdún tó kù lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì àárín pápá lowó mi ká, níbi tí èrò ti ń dúró lórí koríko. Wọ́n gbé mint julep fún mi: ọtí bourbon, súgà, yìnyín àti ewé míǹtì. Lẹ́nu tèmi, àgbo tí wọ́n bu súgà sí ni. Ẹrẹ̀ gba bàtà mi kan, mo tẹ̀ wálẹ̀ láti fà á yọ, ariwo sọ gèè. Kí n tó nàró, ẹṣin tó ń jẹ́ Justify ti gbà á. Ìrù ẹṣin kan ṣoṣo, mi ò rí i.