Ìmọ̀ràn: báwo la ṣe lè tọ́jú ìtàn bàbá wa tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè?

ỌmọLókò: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá tó bí màmá mi ṣiṣẹ́ ní Lókò, ibi tí rélùwéè ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, l'Ẹ́bùté Mẹ́ta. Wọ́n wà lára àwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ jọ nígbà ìyanṣẹ́lódì 1964. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Orí wọn ṣì pé, ojú ló ń ṣe bàìbàì. Àpótí páànù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tó kún fún ìwé ìpàdé, káàdì ẹgbẹ́ àti fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká wá ẹni tó máa kọ ọ́ níwèé. Kí lẹ rò?

ÌyáKékeré: Ẹ fi ti ìwé sílẹ̀ ná, ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà. Fóònù yín tó o. Ẹ gbé e lé aṣọ tẹ́ ẹ ṣẹ́ po, ẹ pa fáànù. Àárọ̀ ló dáa, lẹ́yìn oúnjẹ, kó má sì pẹ́ jù. Ẹ má bi wọ́n pé "ọdún wo ni?" o. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé kí ogun Biafra tó dé ni, àbí lẹ́yìn owó Udoji, àfikún owó-oṣù ìgbà yẹn? Ẹ̀yin á wá ṣírò tó kù.

Akọ̀wéÀgbà: Ilé-ìkàwé ni mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé kankan, ẹ má sì lámínéètì. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì ba ìwé jẹ́. Ẹ rọra yọ pín-ìn-nì tó ti dípẹtà. Ẹ fi fóònù ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Tó bá yá, ẹ lè béèrè ní National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ní iléèwé ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Michael Imoudu, aṣáájú òṣìṣẹ́ rélùwéè ayé àtijọ́, pè n'Ílọrin, bóyá wọ́n á gbà á. Ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó fi nǹkan sílẹ̀.

Kọ́mírédì: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ti ìṣẹ́gun nìkan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bára wọn jà kí ọ̀rọ̀ owó-oṣù àti ìròyìn ìgbìmọ̀ Morgan, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ owó-oṣù wò, tó kó wọn pọ̀ lọ́dún 1964, nígbà tó sì parí, ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Ta ló wọlé lọ ṣiṣẹ́ nígbà táwọn yòókù dúró síta? Bí bàbá bá dárúkọ tí wọn ò fẹ́ kó jáde báyìí, ẹ gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí ìgbà tí ẹ máa ṣí i. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun táwọn àgbà Lókò sọ fún wọn nípa Imoudu, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò l'Ékòó lọ Auchi ní 1943, tó sì padà kí ìyanṣẹ́lódì 1945 tó bẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbígbọ́ ni wọ́n gbọ́ ọ o, wọn ò fojú rí i.

Àdùkẹ́_Peckham: Màmá ńkọ́? Nígbà tí owó-oṣù ò wọlé, ta ló bọ́ ilé? Bàbá tiwa ròyìn ìpàdé títí, màmá wa ló sọ ẹni tó ń ta gààrí láwìn fún wọn. Ẹ bá màmá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ o. Bí bàbá bá wà níbẹ̀, "bí wọ́n ṣe wí náà ni" lẹ máa gbọ́.

ỌmọLókò: Màmá ń bẹ, wọ́n sì le! Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé ká ti kó inú àpótí náà jáde ká tó lọ bá bàbá?

Akọ̀wéÀgbà: Rárá o. Níṣojú wọn ni kẹ́ ẹ ti ṣí àpótí náà, kí fóònù ti máa gbohùn. Bẹ́ ẹ ṣe ń mú ìwé kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ ka àkọlé rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ dákẹ́, kí wọ́n sọ tiwọn.