Kí ni kí n sọ nípa ìyá wa àgbà?
Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá wa àgbà ti lọ sinmi, ẹbí sì ní kí n ka ọ̀rọ̀ ìrántí níbi ìsìnkú. Oyè tó jẹ nínú ìjọ ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí n máa tò. Ìyá tí mo mọ̀ kì í dárúkọ oyè. Aṣọ àwọn abiyamọ ló máa ń bá wọn fọ̀, ọṣẹ á ṣì wà léèékánná rẹ̀ tó bá ń ṣí Bíbélì. Ó ń parí ìjà tọkọtaya, kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́. Ibẹ̀ ló ti rú mi lójú: ṣé mo lè sọ ọ́ láì tú àṣírí wọn? Àbí kí n kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ wọn?