Àdírẹ́sì IP tí ó ń yí padà: ǹjẹ́ ó ń bo ẹni tí ó ń lò ó? Ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí

Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé bí ènìyàn bá ti pa ráútà rẹ̀ tí ó sì tún un tàn, tàbí tí ó pa dátà fóònù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àdírẹ́sì IP tuntun (nọ́ńbà tí a fi ń mọ ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni yóò gbà, kò sì sí ẹni tí ó lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀ olùpèsè íntánẹ́ẹ̀tì kan, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Òótọ́ ni pé àdírẹ́sì náà ń yí padà. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4, irú ti àtijọ́ tí a ṣì ń lò, tí ó wà láyé jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3, kò sì tó ohun tí a lè fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ títí láé. Ètò DHCP ni ó ń yá a fún un fún àkókò kan; bí àkókò náà bá pé, ètò náà lè tún ọ̀kan náà yá a, ó sì lè gbà á kí ó fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yá nǹkan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní láti mọ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tiwa ń sọ àdírẹ́sì, àkáǹtì oníbàárà, ìgbà tí ó gbà á àti ìgbà tí ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá dé pẹ̀lú àṣẹ ilé-ẹjọ́, wọn kì í béèrè ẹni tí ó ni àdírẹ́sì náà lónìí, ẹni tí ó ń lò ó ní ọjọ́ báyìí, ní wákàtí báyìí, ni wọ́n máa ń béèrè. Ì báà jẹ́ pé oníbàárà náà ti gba àdírẹ́sì mẹ́wàá mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà, ìdáhùn kò yí padà.

Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ni iṣẹ́ wa ti máa ń le. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà lè máa jùmọ̀ lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú kan náà, ètò tí a ń pè ní CGNAT. Àdírẹ́sì àti aago nìkan kò tó láti fi dá ẹnì kan mọ̀ nínú wọn, àfi bí nọ́ńbà port, èyí tí ó ń ya ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ lórí àdírẹ́sì kan náà, bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé RFC 6302, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ti gba àwọn tí ó ni sáfà nímọ̀ràn láti ọdún 2011 pé kí wọ́n máa kọ port sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ àkókò dé ìṣẹ́jú-àáyá, síbẹ̀ nínú àwọn ìwé tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tí ó ní port kò pọ̀. Mo rántí ọ̀kan tí kò ní i, tí kò sì sọ àgbègbè ayé tí aago tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ti wá. Orúkọ tí ó jáde pọ̀ débi pé a kò lè tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, a sì dá ìwé náà padà. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n pọ̀ lórí àdírẹ́sì kan náà ni ó bò wọ́n. Bí ó bá ṣe pé àdírẹ́sì wọn kàn ń yí padà ni, a ìbá rí orúkọ náà.

Eléré orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi fẹ́ jẹ́rìí pé àdírẹ́sì tí ó yí padà gbà mí ní ìgbà kan. Ẹni tí a jọ ń díje nínú eré bínú sí mi, ó sì rí àdírẹ́sì mi nípasẹ̀ áàpù ìpè kan tí ó máa ń so kọ̀ǹpútà ẹni méjì pọ̀ tààrà. Ó wá ń rọ́ ìsọfúnni lu ráútà wa débi pé kò sí ẹni tí ó lè lo íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Nígbà tí olùpèsè wa fún wa ní àdírẹ́sì mìíràn, ìkọlù náà dáwọ́ dúró, nítorí ti àtijọ́ nìkan ni ó mọ̀, kò sì sí olùpèsè tí yóò ṣí àkọsílẹ̀ fún irú rẹ̀. Mo yọ áàpù náà kúrò pẹ̀lú, torí pé ìpè kan ṣoṣo ìbá tó láti fi tuntun hàn án.

Alábòójútó ìkànnì

Láti ẹ̀gbẹ́ ìkànnì ni èmi ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan wà tí ó ń bú àwọn obìnrin lórí ìkànnì tí mo ń bójú tó. A dí àdírẹ́sì rẹ̀, ó gba òmíràn, ó padà wá. A dí ìyẹn náà, ó tún padà. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn àdírẹ́sì tí a dí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, ìyẹn sì kọ̀wé béèrè ohun tí òun ṣe.

A wá fi àdírẹ́sì sílẹ̀, a sì yíjú sí àwọn ohun tí kì í bá a yí padà: cookies (fáìlì kékeré tí ìkànnì ń fi sílẹ̀) tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀dà aṣàwákiri rẹ̀, ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà, èdè tí ó yàn, àwọn fọ́ǹtì tí ó ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn jọ, ó ṣọ̀wọ́n kí ti ẹni méjì bára mu. Àjọ Electronic Frontier Foundation gbé àyẹ̀wò lórí èyí jáde ní ọdún 2010: nínú aṣàwákiri 470,161 tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 83.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni àmì wọn kò jọ ti òmíràn kankan, wọn kò sì ka àdírẹ́sì IP mọ́ àwọn àmì náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ ọ̀gbẹ́ni wa ní gbogbo ìgbà tí ó bá dé.

Ẹ má ṣe rò pé IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tí ó gùn ju IPv4 lọ, tún ọ̀rọ̀ náà ṣe tán. Láti ọdún 2001 ni ètò kan ti wà tí ó ń jẹ́ kí fóònù máa pààrọ̀ ìdajì ẹ̀yìn àdírẹ́sì rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì gbóríyìn fún un. Ìdajì iwájú ni olùpèsè fún ilé, ìyẹn kì í bá a yí padà, òun ni èmi sì máa ń wò.

Agbẹjọ́rò

Obìnrin kan tọ̀ mí wá tí ẹnì kan ń fi ímeèlì dẹ́rù bà. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹni náà kì í lo àdírẹ́sì kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kò ṣe é mú, ó sì ti fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má pa ọ̀kankan rẹ́. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gba àkọsílẹ̀ ìwọlé àkáǹtì náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ímeèlì, wọ́n rí i pé ilé ìkàwé ni àdírẹ́sì kan ti wá, ibi iṣẹ́ kan ni òmíràn, ilé gbígbé ni ẹ̀kẹta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí ibì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà ní gbogbo wọn ní àwọn wákàtí náà. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìkàwé nìkan ni ó ń lò, mi ò mọ̀ bóyá à bá rí i mú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni FBI ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012, nínú ìwádìí tí ó mú kí David Petraeus fi ipò ọ̀gá àgbà CIA sílẹ̀: wọ́n fi àdírẹ́sì oríṣiríṣi òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣí àkáǹtì náà wé orúkọ àwọn tí ó sùn níbẹ̀, wọ́n sì wo orúkọ tí ó ń padà wá.

Òfin náà ti rí i pé àdírẹ́sì tí ó ń yí padà kò tíì já okùn láàárín òun àti ènìyàn. Nínú ẹjọ́ tí Patrick Breyer pe ìjọba Jámánì, Ilé-ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2016 pé irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìsọfúnni nípa ẹni lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ìkànnì, bí òfin bá fún un ní ọ̀nà láti rí ìyókù gbà lọ́dọ̀ olùpèsè.

Ẹni tí ó ń lo VPN

Èmi kò gbẹ́kẹ̀ lé ráútà rárá, VPN ni mò ń lò, ètò tí ó ń gba ìsopọ̀ mi kọjá sáfà ẹlòmíràn kí ó tó dé ìkànnì. Ìkànnì kò rí àdírẹ́sì ilé mi mọ́, olùpèsè mi kò sì rí ìkànnì tí mo ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni VPN lè rí méjèèjì, nítorí náà mo ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa kí n tó sanwó. Nígbà tí ìròyìn jáde ní ọdún 2015 pé WebRTC, ètò ìpè inú aṣàwákiri, lè tú àdírẹ́sì gidi síta, mo yẹ tèmi wò, mo bá àdírẹ́sì ilé mi níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti VPN, mo sì pa á. Ti Tor, tí ó ń gba ìsopọ̀ ẹni kọjá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, lágbára ju èyí lọ, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó fi í kọ ìhalẹ̀ bọ́ǹbù èké sí Harvard ní oṣù kejìlá ọdún 2013 kò bọ́. Àwọn ọlọ́pàá kò já Tor. Wọ́n wo àwọn tí ó ń lò ó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléèwé ní àkókò náà, wọ́n lọ bá a, ó sì jẹ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀

Ẹnì kan bi mí ní ìkọ̀kọ̀ pé báwo ni àkọsílẹ̀ náà ṣe ń pẹ́ tó. Kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ìlànà Yúróòpù ti ọdún 2006 ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì. Ilé-ẹjọ́ kan náà tí agbẹjọ́rò wa dárúkọ fagi lé e ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọ́fíìsì wa, ẹni tí ó bá kọ̀wé béèrè iye oṣù tí a ń fi tirẹ̀ pamọ́ máa ń gba ìdáhùn, ó sì lè béèrè ohun tí a kọ nípa rẹ̀ pẹ̀lú.