Wọ́n dá mi dúró ní géètì, wọ́n sì ní owó oṣù mi ti lọ sí gbèsè búrẹ́dì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá Ìyanu: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ilé o. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò rí oorun sùn. Bekirì kan ní Ado Èkìtì níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń kọ iye búrẹ́dì tí àwọn tó ń kiri bá gbé láàárọ̀, èmi náà ni mò ń gba owó lọ́wọ́ wọn nírọ̀lẹ́, tí ẹni tó ń po fúláwà ò bá wá èmi náà ni màá wọ inú ẹ̀, oyún ọmọ mi kejì, ẹnu ààrò ni mo wà títí ó fi ku díẹ̀ kí n bí. Ìyàwó ọ̀gá á wọlé, kò ní kí èèyàn kú iṣẹ́, á ní ta ló jẹ́ kí búrẹ́dì jó. Ìsìnkú ìyá wọn, mo ra aṣọ ẹbí, èmi ni mo tún dúró ti ìrẹsì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ Ajé tó kọjá mo dé ibẹ̀, ọlọ́dẹ ní ọ̀gá ní kí n má wọlé mọ́. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n máa lọ sílé mi, pé owó tí àwọn oníbúrẹ́dì jẹ ni wọ́n ti fi owó oṣù mi dí. Ṣé èmi ni mo jẹ búrẹ́dì ni? Kí ni kí n ṣe?

Adé Basírì: Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ọdún wo lẹ wọ ibẹ̀? Ṣé wọ́n fún yín ní lẹ́tà? Oṣù mélòó ni wọ́n jẹ yín? Ẹ ò sọ ìkankan níbẹ̀.

Ìyá Dámilọ́lá: Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní Ìkéré. Tíṣà ni mí ní school àdáni, wọ́n ní àwọn ò ní san owó August torí a ò kọ́ ọmọ kankan, ọdún lọ ọdún bọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí mo sọ̀rọ̀ wọ́n ní kí n má wá mọ́. Mo fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ọmọ Ìjerò: Ẹ kó ọlọ́pàá lọ bá a jàre. Kó tó dìrọ̀lẹ́ alẹ́ẹ̀tì á ti wọlé.

Adé Basírì: Ẹ má gba ìyẹn o. Police Act 2020, òfin tó de àwọn ọlọ́pàá, ò gba ọlọ́pàá láyè láti mú èèyàn torí gbèsè lásán tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Owó tẹ́ ẹ máa ná síbẹ̀, ẹ ò tíì rí i.

Ọmọ Ìjerò: Ìwé lẹ̀ ń kà. Èmi ti fojú mi rí i tó ṣiṣẹ́.

Lọ́yà Òkèsà: Ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí rí ọ̀nà lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀gá àdáni lè ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, kóòtù kì í sábà fi tipátipá dá òṣìṣẹ́ padà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fún un ní nótíìsì. Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́, section 11: tó o bá ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ àmọ́ tí ò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún 2 sí kó má tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ọdún 5 sókè, oṣù kan, nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu ọlọ́dẹ. Tí ò bá fún un, kó san owó àsìkò náà. Owó tó ti ṣiṣẹ́ fún ní tiẹ̀, tiẹ̀ ni, ẹ̀bùn kọ́.

Ìyá Ìbejì Ìkọ̀lé: Ẹ ṣé sà. Ṣé ọ̀gá lè yọ gbèsè oníbúrẹ́dì nínú owó oṣù?

Lọ́yà Òkèsà: Kò lè jí lọ́jọ́ kan kó kàn yọ ọ́. Section 5 ni. Kó tó lè yọ owó fún òfò, àfi kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kò náání iṣẹ́ rẹ̀, kí ọ́físà lébọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé.

Màmá Ìyanu: 2019 ni mo wọlé. Kò sí lẹ́tà. Oṣù méjì ni wọ́n jẹ mí, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì lóṣooṣù. Ẹ ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀gá fúnra wọn ló ní kí n máa ta àwìn fún àwọn tó ń gbé e lọ Ìfàkì, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé gígùn mi, orúkọ, iye, ẹni tó gbé e á fọwọ́ sí iwájú ẹ̀. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kóòtù o.

Ọmọ Ìjerò: Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì kẹ̀! 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba sọ láti 2024.

Lọ́yà Òkèsà: Òfin yẹn ò mú ibi tí òṣìṣẹ́ ò pé 25. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí tó wà nílẹ̀. Àìsí lẹ́tà, ẹ̀bi ọ̀gá nìyẹn, section 7 nínú Labour Act ní kó kọ àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣé bánkì ni owó ń gbà wọlé?

Ìyá Dámilọ́lá: Sà, tíṣà ń kọ́?

Lọ́yà Òkèsà: Ma, Labour Act yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé ló kàn. Tíṣà, àdéhùn tó wà láàárín yín la máa wò. Ẹ kọ ọ́ sí mi lọ́tọ̀.

Adé Basírì: Màmá Ìyanu, kí ló dé tẹ́ ò fi fẹ́ kóòtù?

Màmá Ìyanu: Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ọ̀gá. Wọ́n ti pe ọkọ mi, wọ́n ní kí n wá lọ́la wá fọwọ́ sí ìwé kan pé èmi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé mi ò ní nǹkan kan gbà mọ́, àwọn á fún mi ní 30,000. Ọkọ mi ní kí n lọ fọwọ́ sí i kí ilé lè tòrò.

Ọmọ Ìjerò: Háà! Ẹ̀ bá ti sọ ìyẹn láti òkè.

Ìyá Ìbejì Ìkọ̀lé: Ọ̀rọ̀ ẹbí ni èyí. Ẹ lọ bá bàbá àgbà wọn, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ má fi àjèjì sí i.

Adé Basírì: Kúnlẹ̀ fún kí ni? Òun ni wọ́n jẹ ní owó.

Lọ́yà Òkèsà: Ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn. Mo bẹ̀ yín. Ẹ bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀ tó bá wù yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ lọ, tí ẹ ò sì ní nǹkan gbà, ohun tó máa fi dá yín lóhùn níbi gbogbo nìyẹn. 70,000 ló jẹ yín fún oṣù méjì, owó nótíìsì oṣù kan 35,000 torí ẹ ti lò ju ọdún 5 lọ, gbogbo ẹ̀ 105,000. Ẹ gba statement ní bánkì, ẹ kọ lẹ́tà béèrè owó, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Tí ò bá dáhùn, ọ́fíìsì Ministry of Labour wà ní Ado, wọ́n á pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó. Kóòtù òṣìṣẹ́ tó wà ní Àkúrẹ́, ìyẹn á gbẹ̀yìn.

Màmá Ìyanu: Alẹ́ẹ̀tì owó oṣù wà lórí fóònù mi, mi ò pa á rẹ́. Mi ò ní lọ lọ́la. Ọkọ mi ò tíì mọ̀.

Ìyá Ìbejì Ìkọ̀lé: Ẹ sọ fún un kí ilẹ̀ tó mọ́, kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Adé Basírì: Ma, ìwé gígùn yẹn ń kọ́? Ṣé ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀ tó lè ya fọ́tò ẹ̀ fún yín?

Màmá Ìyanu: Ọmọ tó ń gé búrẹ́dì. Màá pè é nísìnyí.